Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́rìnlá

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ iná ojú títì, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í rí àfi ọjọ́ tó bá bàjẹ́. Bí iná bá dá èèyàn dúró, èmi ni yóò bú. Bí ó bá jẹ́ kó kọjá wẹ́rẹ́, á ní orí òun ló bá òun ṣe é. Àwọn ọmọ mi ń pè mí ní Bàbá Iná láti kékeré, àwọn ará ọ́fíìsì gbà á lẹ́nu wọn, ó sì di orúkọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pàápàá, tó gbé mi pọ̀n, tó mọ orúkọ tí wọ́n sọ mí dáadáa, Bàbá Iná ló ń pè mí.

Yàrá kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì wa, ní òkè kẹta. Tábìlì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àwòrán ọ̀nà ìlú tó gba ògiri kan tán, àti ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kán omi sínú garawa láti ìgbà ọ̀gá tó ṣáájú ọ̀gá wa. Bí garawa bá kún, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lórí pẹpẹ kan tó jìnnà sí omi ni a gbé ìwé ńlá kan sí, ìwé ẹlẹ́yìn líle tí à ń pè ní Ìwé Ẹsẹ̀.

Ìwé Ẹsẹ̀ nìkan ni ohun tí mo lè fi yangàn nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀gá wa àkọ́kọ́, tó ti di olóògbé, ló dá a sílẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, ẹnì kan jókòó sórí àga, ó fi bírò ṣírò iye àkókò tí ẹlẹ́sẹ̀ nílò láti dá títì kan kọjá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú títì náà lẹ́yìn ìyẹn, n kò ní í sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti ṣòfin pé ẹni tó bá máa fọwọ́ sí i, òun ni kó rìn ín. Kò sí pé mo rán ẹnì kan, kò sí pé kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀. Wàá fi ẹsẹ̀ ara rẹ rin títì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹlòmíì á mú aago dání, èyí tó bá pẹ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa kọ sínú ìwé, iye náà ni iná yóò sì fi máa dúró de ẹlẹ́sẹ̀. Bí a bá ti kọ ọ́, kò sí àyípadà, àfi nítorí ìdí méjì péré: kí títì fúnra rẹ̀ yí padà, tàbí kí ẹni tó fọwọ́ sí i fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ṣe àṣìṣe. Nínú ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, n kò kọ irú rẹ̀ rí. Mo ti rin títì ìlú yìí débi pé bàtà mi mọ̀ ọ́n ju àwọn awakọ̀ lọ.

Ní ọdún tó kọjá ni wọ́n gbé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ayára dé. Wọ́n máa ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan títì ńlá, àlọ àti àbọ̀, fún bọ́ọ̀sì nìkan, kí mọ́tò mìíràn má yà síbẹ̀. Tiwa ni pé ká wá ibi tí ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò wà, ká sì kọ́ iná bí yóò ṣe máa bọ̀wọ̀ fún bọ́ọ̀sì. Ọ̀wọ̀ ni àwa ń pè é ní ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lórí òpó tó ń rí bọ́ọ̀sì lọ́ọ̀ọ́kán. Bí ó bá ti rí i, á sọ fún iná, iná á wá ṣí sílẹ̀ fún un, tàbí kó dúró díẹ̀ sí i kó tó pa, kí bọ́ọ̀sì lè kọjá láìdúró. Ṣùgbọ́n àkókò kì í bímọ. Ìṣẹ́jú àáyá tí a bá fún bọ́ọ̀sì, ọwọ́ ẹlòmíì la ti gbà á.

Ìkóríta tó fún wa níṣòro jù ni ti ilé ìwòsàn ojú. Ibùdókọ̀ àtijọ́ wà lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn náà gan-an. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ báyìí, o ti dé. Àmọ́ ó wà ṣáájú iná. Bọ́ọ̀sì á máa bọ̀, iná á bọ̀wọ̀ fún un, á ṣí sílẹ̀, bọ́ọ̀sì á wá dúró láti já èrò. Kí ìyá kan tó sọ̀, kí bàbá kan tó wá ọ̀pá rẹ̀, iná ti pa. Ọ̀wọ̀ ti ṣòfò. Èmi ni mo dá a lábàá pé ká gbé ibùdókọ̀ kọjá iná, sí òdìkejì títì níbi tí ọ̀nà bọ́ọ̀sì wà, kí bọ́ọ̀sì kọ́kọ́ kọjá ná kó tó dúró. Ohun tí gbogbo ìwé iṣẹ́ wa ní ká ṣe nìyẹn, ó sì tọ̀nà. Ẹni tó bá ń lọ sí ilé ìwòsàn á kàn dá títì kọjá ni. Mítà mọ́kànlélógún ni: ọ̀nà bọ́ọ̀sì méjì, kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ tó yà wọ́n sọ́tọ̀ lára mọ́tò, àti ọ̀nà mọ́tò mẹ́rin.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ rìn ín, a ṣe ìpàdé. Ọ̀gá wa, obìnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ fúnra mi nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ẹni tí yóò gba tábìlì mi, nítorí pé oṣù díẹ̀ ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Kò sí àrífín nínú ohun tó sọ. Ó tiẹ̀ fi kún un pé kí Bàbá máa sinmi díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wọn ṣe àmín. Nígbà tí a dé ìkóríta, Ìyá Ìbejì, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi, tó mú aago dání, wo ẹsẹ̀ mi, ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi rìn ín, òun á sì fọwọ́ sí i. Àánú ló ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún mi lára. Èmi tí mo rin gbogbo ìlú tán? Mo ní kó gbé aago rẹ̀ sókè.

Mo rìn bí ẹni tí oyin ń lé. Mo na àyà, mo ń gbé ẹsẹ̀ gígùn-gígùn, orúnkún ọ̀tún mi ń ké, n kò dá a lóhùn. Ẹ̀ẹ̀kíní, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá. Ẹ̀ẹ̀kejì, mẹ́tàlá. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mẹ́rìnlá. Mo gun etí títì, mo kọ ẹ̀yìn sí i kó má baà rí bí mo ṣe ń mí. Ìyá Ìbejì wo aago, ó wò mí, ó bi mí bóyá kí òun kọ mẹ́rìnlá. Mo ní kí ló tún fẹ́ kọ. Ó kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i. Àgbà tó ń bá ọjọ́ orí rẹ̀ sáré ìje, kò sí ẹni tó máa kan sáárá sí i, ṣùgbọ́n inú mi dùn lọ́jọ́ náà, kí n má parọ́. Mo jẹun dáadáa nígbà tí mo délé.

Ibùdókọ̀ tuntun ṣí. Bọ́ọ̀sì ń lọ geere, ọ̀gá wa gba ìwé ìyìn láti òkè, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn. Èmi ń ka ọjọ́ tó kù.

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ nínú ilé alájà méjì, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló sì ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Aránṣọ ni. Nígbà tí bàbá wa kú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, òun ń lọ sí ogún. Aṣọ iléèwé ló ń rán fún ọmọ ọlọ́mọ, tó ń fi imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan abẹ́rẹ́ lábẹ́ àtùpà, títí èmi fi kàwé tán. Bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, ó máa ń ní, "Ojú mi lo fi kàwé o." Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní kó máa wá gba abẹ́rẹ́ sínú ojú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Abẹ́rẹ́ náà ò ní dá ohun tó ti lọ padà, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ìyókù lọ. Bí ó bá pa á jẹ, ohun tó bá lọ ti lọ nìyẹn. Mo ní kí n máa fi mọ́tò mi gbé e lọ, ó kọ̀. Ó ní òun kì í ṣe ẹrù.

Ní Sátidé kan, lẹ́yìn bí oṣù méjì ààbọ̀ tí ibùdókọ̀ ṣí, mo lọ kí i. Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kí n tó ráyè jókòó, ó na abẹ́rẹ́ àti òwú sí mi pé kí n bá òun fi òwú sí i. Kò bẹ̀ mí ní irú iṣẹ́ yẹn rí láyé. Mo fi sí i. Nígbà tó fẹ́ gbà á, ó ní láti yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan kó tó rí ọwọ́ mi. Káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ wà lábẹ́ àwo kan lórí tábìlì, mo fà á yọ. Òǹtẹ̀ wà níwájú oṣù kọ̀ọ̀kan títí wá, àmọ́ àyè méjì tó kẹ́yìn ṣófo. Ẹ̀kẹta bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.

Mo bi í léèrè. Ó ní òun gbàgbé ni. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ṣì rántí ìwọ̀n àyà ọmọ tó ránṣọ fún ní ogójì ọdún sẹ́yìn! Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òjò ni. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kò fèsì, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ tó wà níwájú rẹ̀. Mo ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òwe tí òun kọ́ mi ni mo wá fi ń bá òun wí. Ó wá sọ̀rọ̀.

"Títì yẹn ni. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ yín tuntun, iná ní kí n máa bọ̀, mo bọ́ sójú títì. N ò tíì dé ìdajì tó fi pa. Mo dúró sórí kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, mọ́tò níwájú, bọ́ọ̀sì lẹ́yìn, atẹ́gùn wọn ń fẹ́ aṣọ mọ́ mi lára. Awakọ̀ kan yọ orí síta, ó ní màmá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni."

Ó ní bí iná ṣe tún ṣí, ẹ̀yìn ni òun padà sí. Nígbà tí oṣù yí po, òun tún lọ. Òun jókòó sórí bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀, iná ṣí, ó pa, ó ṣí, ó pa, òun kà á dé ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án. Bẹ́ǹṣì náà dára o, ó ní, ká má purọ́ mọ́ ìjọba. Òun wá wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún mi.

"Ìwọ lo ṣe é," ó ní. "Ṣé kí n wá máa sọ pé iṣẹ́ ọmọ mi ò dáa? Àwọn èèyàn ń dá a kọjá, mo rí wọn. Ẹsẹ̀ tèmi ló lọ́ra."

Ojú tì mí débi pé mo dìde lọ dúró lójú fèrèsé, mo ń wo aṣọ tí aládùúgbò sá sórí okùn. Ibẹ̀ ni mo ti béèrè bí ojú rẹ̀ ṣe wà. Ó ní ti ọ̀tún ṣì ń gbìyànjú. Ti òsì, òjìji nìkan ló ń rí níbẹ̀ báyìí. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. Mo ní dandan ni kí n gbé e lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní bí mo bá gbé òun lọ ní Ọjọ́bọ̀ yìí, ta ni yóò gbé òun lọ nígbà tí mo bá ṣàìsàn, ta ni yóò sì gbé àwọn tó kù? Ó ní òun nìkan kọ́ ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà. Bàbá arúgbó kan àti obìnrin kan tí wọ́n fi aṣọ di ojú rẹ̀ kan wà níbẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń wo iná bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n ni.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo múra. Ìyàwó mi bi mí pé níbo, mo ní mo fẹ́ lọ rìn. Ó ní ṣé ìrìn ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ò tíì tó mi ni. Mo lọ sí ìkóríta náà, mo bọ́ sójú títì bí mo ṣe ń rìn gan-an, láìsí ẹni tó ń wò mí. Iná pa mọ́ mi lórí nígbà tí mo ku ọ̀nà mọ́tò méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú mọ́tò fọn fèrè sí mi. Àkókò tí mo lò jẹ́ ogún. Àní èmi fúnra mi, iná mi ò dúró dè mí.

Ní ọjọ́ Ajé, mo sọ fún ọ̀gá pé a gbọ́dọ̀ fi kún àkókò ẹlẹ́sẹ̀ ní ìkóríta ilé ìwòsàn. Ó bi mí pé mélòó, mo ní ó lè tó méjìlá. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn àlejò láti òkè ń bọ̀ wá gun bọ́ọ̀sì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìkóríta yẹn sì ni bọ́ọ̀sì ti ń jèrè àkókò jù. Bí a bá bu méjìlá kúrò níbẹ̀, ọ̀wọ̀ ti tán, bọ́ọ̀sì á máa dúró bíi mọ́tò yòókù. Ó béèrè bóyá títì ti yí padà. Mo ní rárá.

"Kí wá ni ká kọ, Bàbá?" ó ní. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní òfin ìwé yẹn."

Ìyá Ìbejì wá bá mi nídìí garawa. Ó rọra sọ pé ọ̀nà mìíràn wà: kí ilé ìwòsàn kọ lẹ́tà, kí lẹ́tà lọ bá ìgbìmọ̀, kí ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí. Orúkọ mi ò ní í bàjẹ́. Mo bi í pé yóò pẹ́ tó. Ó ní èyí tí òun mọ̀ gba oṣù mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ló sọ, láìwo ojú mi, pé òun mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé mo ń sáré, àti pé ó yẹ kí òun ti sọ̀rọ̀. Mo ní tó bá sọ̀rọ̀, mi ò bá bú u ni. Òótọ́ sì ni. A gbé garawa náà, àwa méjèèjì, a lọ dà á nù.

Mo jókòó ti Ìwé Ẹsẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Wọ́n ti ṣètò pé ní ọjọ́ tí mo bá fẹ̀yìn tì, ọ̀gá máa gbé ìwé náà sókè, á máa ṣí ojú ewé mi, kí àwọn tó kù rí i pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kò ní ìlà ìparẹ́ kan. Mo ti ń gbọ́ àtẹ́wọ́ náà. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ gbé lọ sílé nìyẹn, bí mo ṣe ń wò ó, inú mi bàjẹ́ bíi ti ọmọdé tí wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ̀ mí. Mo ronú lẹ́tà oṣù mẹ́jọ náà dáadáa, n kò ní í sọ pé n kò rò ó. Oṣù mẹ́jọ jẹ́ abẹ́rẹ́ mẹ́jọ. Ojú tó fi rán mi níwèé, ọ̀kan ti lọ nítorí pé mi ò fẹ́ kí ẹnì kan rí i pé orúnkún ń dùn mí. Mo mú bírò, mo fa ìlà gba orí mẹ́rìnlá kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mo kọ ọ́ pé: Mo sáré. Mo fọwọ́ sí i, mo kọ déètì.

Ọ̀gá kà á. Ó gbójú sókè.

"Bàbá, ìwé yìí ò ní parẹ́ o. Àwọn tí a ò tíì bí máa kà á."

"Kí wọ́n kà á," mo ní. "Kí àwọn náà má sáré."

Ó mí kanlẹ̀, ó fọwọ́ tirẹ̀ sí i lábẹ́ tèmi. Ó ní ní ti àwọn àlejò, òun á wá nǹkan sọ fún wọn.

Ní Ọjọ́rú la lọ tún un rìn. Òfin ní ẹsẹ̀ ẹni tó fọwọ́ sí i ni, ṣùgbọ́n òfin ò sọ pé kó dá nìkan rìn. Mo mú ẹ̀gbọ́n mi dání. Ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó gbé báàgì kọ́ apá bí ẹni ń lọ síbi gidi, ó sì béèrè àlàáfíà àwọn ìbejì lọ́wọ́ ìyá wọn kó tó yọjú sí títì. Ẹ̀ṣọ́ ojú títì kan dá mọ́tò dúró fún wa. Mo di apá rẹ̀ mú, a bọ́ sójú títì.

"Má fà mí," ó ní. "Tí o bá fà mí, ìrìn mi kọ́ nìyẹn mọ́."

Mo jọ̀wọ́ apá rẹ̀. Mo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń yí orí kí ojú ọ̀tún lè rí ilẹ̀, bàtà rẹ̀ ń wọ́ díẹ̀. Ọ̀nà bọ́ọ̀sì tán, a gun kọnkéré, a sọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé bí n kò bá sọ ọ́ níbẹ̀, n kò ní í sọ ọ́ mọ́. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ló lọ́ra. Mo ní lọ́jọ́ tí mo wọn títì yìí, èmi ni mo sáré.

Kò dúró. "Ta ló ń lé ẹ?"

"Ọjọ́ orí."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó dúró sáàárín ọ̀nà mọ́tò, ó fi ọwọ́ kan di báàgì mú, ó fi ìkejì di èmi mú, ẹ̀ṣọ́ ojú títì ń wò wá. A dé etí títì. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. A rìn ín lẹ́ẹ̀kejì, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. A rìn ín lẹ́ẹ̀kẹta, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìyá Ìbejì ní ṣé ká má ka ti àkọ́kọ́, nítorí ẹ̀rín ló fà á. Mo ní èyí tó bá pẹ́ jù là ń kọ. Ó kọ ọ́.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà kí orúnkún àwa méjèèjì lè sinmi. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó ní kí n má rò pé nítorí òun rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ti tán. Ó ní, "Mo bínú sí ẹ o. Ojú mi ni. Ṣùgbọ́n màá bínú tán, o mọ̀ mí." Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀sì kan dé, ó já èrò, ó lọ. Lẹ́yìn náà ni tiwa dé.

Ó gba abẹ́rẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Dókítà ní ti ọ̀tún á dúró bí kò bá tún pa á jẹ. Ti òsì, òjìji ni, òjìji ni yóò sì máa jẹ́. Àwọn àlejò wá, bọ́ọ̀sì dúró nídìí iná náà pẹ̀lú wọn, wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn wo aago ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé ìyìn kejì ò wá. Ní ti ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì mi, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Ìwé Ẹsẹ̀ mọ́. Kéèkì nìkan ló kù nínú ètò náà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀sì tó ṣáájú tiwa ni ẹ̀gbọ́n mi wọ̀, ó kọ̀ kí n bá òun lọ. Nígbà tí a dé ìkóríta ilé ìwòsàn, iná pa mọ́ wa lójú. Awakọ̀ tẹ bíréèkì, àwọn tó dúró kọlu ara wọn, èrò pòṣé. Awakọ̀ ní tẹ́lẹ̀ òun kì í dúró níbí rárá, wọ́n ti ba iná náà jẹ́. Ọkùnrin kan tó so táì ní àwọn tó ń ṣe iná yìí ò wọ bọ́ọ̀sì rí láyé wọn. Obìnrin kan lẹ́yìn ní oorun ni wọ́n ń gba owó oṣù lé lórí. Ó rẹ̀ mí jù láti bínú, ó sì kù díẹ̀ kí n bá wọn dá sí i.

Ẹni tó jókòó tì mí, ọkùnrin kan tó gbé fáìlì lé itan, na ọrùn wo títì. "Bàbá, kí ni iná yìí tiẹ̀ ń dúró dè?"

Ẹni tó ń dúró dè ti bọ́ sójú títì. Báàgì rẹ̀ wà ní apá, orí rẹ̀ yí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bàbá arúgbó kan tó mú ọ̀pá dání ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gun kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ náà, kò dúró lórí rẹ̀, ó sọ̀ ọ́, ó ń lọ. Kò wo iná. Kò yára.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," mo ní.

Ó wò mí, ó tún wo títì. Mo ń kà á lábẹ́ ẹnu. Nígbà tó gun etí títì lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ṣì kù, iye tí ẹ̀rín rẹ̀ gbà lọ́jọ́ náà.